Ṣé a lè fi fèrè ṣí ilẹ̀kùn ọkàn lẹ́ẹ̀kejì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láì mí hẹlẹhẹlẹ.

Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, mo rí i pé a máa ń fojú kékeré wo ọ̀fun dídùn ọmọdé. Tó bá jẹ́ kòkòrò streptococcus ló fà á, tí a ò sì tọ́jú ẹ̀, ara ọmọ lè dojú ìjà kọ ọkàn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ewé méjèèjì tó wà lára ilẹ̀kùn mitral á lẹ̀ mọ́ra. Ihò tó yẹ kó fẹ̀ tó 4 sí 6 cm² lè má ju 1.5 lọ. Ẹ̀jẹ̀ á há, omi á máa wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 1982, Kanji Inoue ní Jàpáànì lo ọgbọ́n kan: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan wọ ọkàn, wọ́n fẹ́ fèrè orí rẹ̀, ewé sì ya. Wọn ò la àyà rárá.

Àmọ́ ó lè tún dí. Ṣé a lè tún un ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ pé etí ewé ló tún lẹ̀ pọ̀. Tí ewé bá ti le gbandi, tàbí tí ilẹ̀kùn ń jò gan-an, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù. Àyẹ̀wò ẹ̀kò ló máa ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Torí náà, ara tó yá kọ́ ni kẹ́ ẹ fi pa ọjọ́ dókítà jẹ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.