Ẹ̀rọ Ìkàwé Wo Ni Kí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Rà Fọ́mọ Ẹ̀?

Àjọ oṣù mẹ́wàá ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn, kó, lọ̀rọ̀ bá dàríyànjiyàn láàárín òun àtọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

"Màámi, tablet ni kẹ́ ẹ bá mi rà."

"Tablet kẹ̀? Kí n fowó èlùbọ́ ra sinimá fún ẹ? Wọ́n ní Kindle wà, ìwé nìkan ni wọ́n ń fi í kà."

Ni wọ́n bá gba Dùgbẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ìyá. Ó ní tablet ò yàtọ̀ sí fóònù ńlá, iná ló ń tàn lẹ́yìn ojú ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń jẹ bátìrì. Ti Kindle, lẹ́búlẹ́bú dúdú àti funfun tó kúnná ju èlùbọ́ lọ ló wà lójú ẹ̀. Iná á tì wọ́n sókè sódò, wọ́n á di lẹ́tà. Tí lẹ́tà bá ti dúró, kò tún jẹ iná kan dà bí alárà mọ́, àfi téèyàn bá ṣí ojú-ìwé mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ṣáàjì kan, oòrùn ọ̀sán ò sì ní kéèyàn má rí i kà. Tablet ńkọ́? Tó bá lo ọjọ́ kan, ẹ dúpẹ́. Ẹni tó bá ti gbé Agbowó rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Inú ìyá dùn. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe ní kọ́mọ fi ohun tó ń kà han òun. Háà! Ìwé olùkọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ni, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀jẹ̀ àtiṣan aláwọ̀ pupa àti búlúù. Ọ̀pọ̀ Kindle, dúdú àti funfun ni wọ́n, ojú wọn ò sì fẹ̀. Àwòrán á ṣú, lẹ́tà á wá kéré bí ẹyin èèrà.

Àwọn tó jù wọ́n lọ náà ti yan tiwọn rí. Lọ́dún 2013, tablet ni Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama l'Ọ́ṣun, ó pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ní Ghánà, Kindle ni àjọ Worldreader kó fáwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́dún 2010. Àwọn ọmọ kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ fọ́ lọ rẹpẹtẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Dùgbẹ̀ ní ohun tí òun náà ń bẹ̀rù nìyẹn, pé ojú tablet ò ṣòroó rí rà, ti Kindle lèèyàn ń wá kiri.

Ká ní ìwé ìtàn lọmọ náà ń kà ni, ìyá ì bá jàre. Tablet ni wọ́n rà. Owó tó ṣẹ́kù, power bank ni wọ́n fi rà, nítorí iná Agbowó.