Àmì Méjì Tó Ń Gbé Èdè Ró Lórí Ìkànnì: Àpẹẹrẹ Debian

1. Ìfáárà

Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe Debian, ètò kọ̀ǹpútà tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, tí ẹnikẹ́ni sì lè ka kóòdù rẹ̀, kí ó tún un ṣe. Àwọn náà ló ń tọ́jú ìkànnì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè. Wọ́n pa ìrísí ìkànnì náà dà ní 2011. Ní 2020, wọ́n tún ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ àti àwòrán ni ojú kọ́kọ́ ń rí nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni àmì méjì tí òǹkàwé kì í rí: àmì ẹ̀dà àti àmì èdè.

2. Àmì ẹ̀dà

Gẹ̀ẹ́sì ni ìpìlẹ̀. Ní orí fáìlì tí a túmọ̀, ìlà kan wà tó ń jẹ́ translation-check, tó ń sọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí atúmọ̀ lò gan-an. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá yí padà lẹ́yìn náà, àmì méjèèjì kò ní bára mu mọ́, àwọn atúmọ̀ á sì mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Bí ìtumọ̀ bá pẹ́ jù, ìkànnì á kìlọ̀ fún òǹkàwé.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá tún ìpìlẹ̀ kọ, gbogbo èdè yòókù wọ gbèsè. Èdè tó ní atúmọ̀ púpọ̀ á tètè san án. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń tọ́jú á máa fà sẹ́yìn.

3. Àmì èdè

Firefox tàbí Chrome máa ń to àwọn èdè tí òǹkàwé fẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, kọ̀ǹpútà tó ń pèsè ojú-ewé á sì yan nínú wọn. Debian kìlọ̀ pé ẹni tó bá kọ «en-GB, fr» lè rí Faransé bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ wà, torí kò kọ «en».

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nínú CLDR, àkójọ ìsọfúnni èdè tí àjọ Unicode ń ṣe, «yo» ni Yorùbá, «yo-BJ» sì ni ti Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń kọ ɛ, ɔ àti sh dípò ẹ, ọ àti ṣ. Ìyàtọ̀ àkọtọ́ lásán ni. Síbẹ̀, bí fóònù ará Kétu bá béèrè «yo-BJ, fr» lọ́wọ́ ìkànnì tó ní «yo» nìkan, Faransé ni wọ́n lè gbé fún un. Ojú-ewé Yorùbá wà, kò kàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. «yo-BJ, yo, fr» ló yẹ kí ó wà níbẹ̀.

4. Ìkádìí

Bí a bá ń ka iye ìkànnì tó «ní Yorùbá», mo dábàá pé kí a máa bi ìbéèrè méjì: ẹ̀dà wo ni wọ́n túmọ̀, àmì wo ni wọ́n sì fi sí i? Iye nìkan kò lè sọ bóyá ẹnikẹ́ni ń rí èdè náà kà.