Ohun-èlò ilé ọmọláńgidi

Ohun-èlò ilé ọmọláńgidi ni àwọn nǹkan kéékèèké bí àga, àwo, ibùsùn àti ìkòkò tí a fi ń ṣe ilé kékeré tí a kọ́ fún ọmọláńgidi lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè fi ohun tó wà nínú ilé ṣe: páálí ìṣáná, bọ́tìnì, ìdérí ìgò, àkísà àti ìyẹ̀fun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé ọmọláńgidi kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Èyí tí Petronella Oortman ní ní Amsterdam, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1686 sí 1710, tó sì wà ní Rijksmuseum báyìí, jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ àgbàlagbà ọlọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ayaba Mary ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n parí ní ọdún 1924, tó ní omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe ohun inú wọn. Ẹni tí kò lówó irú èyí, àpótí ìránṣọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

'''Òṣùwọ̀n'''

Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 1:12, èyíinì ni pé íńṣì kan nínú ilé kékeré dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi. Òun ló ń pinnu ohun tí nǹkan yóò dà. A ó fi rúlà wọn nǹkan náà, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan yóò di sẹ̀ǹtímítà 12, àwo pẹrẹsẹ abẹ́ ife tíì nìyẹn. Bọ́tìnì kóòtù, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ni àwo oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ń fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe àwo oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 36 nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀, tábìlì náà á sì dà bíi ti òmìrán. Tíréè ló yẹ kí ó jẹ́. Páálí ìṣáná mẹ́ta tí a lẹ̀ léra di kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí àpótí rẹ̀ ṣeé fà yọ, ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sì ni ọwọ́ rẹ̀.

'''Aṣọ àti ìyẹ̀fun'''

Aṣọ ló ṣòro jù. Aṣọ tó nípọn ìdajì mìlímítà yóò rí bí ẹní tó nípọn mìlímítà 6, nítorí náà áńkáṣíìfù tó ti gbó dára ju aṣọ tuntun lọ. Ègé aṣọ kékeré kò sì wúwo tó láti fa ara rẹ̀ wálẹ̀. Kọ́tìnì á kàn dúró gan-an bíi páálí ni. A máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tí a pò mọ́ gúlùú, a ó ká a, a ó sì fi píìnì dè é títí yóò fi gbẹ.

Ìyẹ̀fun ife 2, iyọ̀ ife 1 àti omi díẹ̀díẹ̀ tó fi máa lẹ̀ ni a fi ń mọ búrẹ́dì, èso àti ẹja. Iyọ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ohun tí a kò bá kùn yóò tún rọ̀ ní àsìkò òjò.

'''Ìlò nínú ìwádìí ikú'''

Frances Glessner Lee (1878–1962), ará Amẹ́ríkà, lo òṣùwọ̀n 1:12 yìí kan náà láti kọ́ àwọn ọlọ́pàá bí a ṣe ń wádìí ikú. Ní àwọn ọdún 1940 ni ó ṣe àwọn yàrá kéékèèké tí a mọ̀ sí Nutshell Studies of Unexplained Death, fún ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Harvard. Ó fi píìnì hun ìbọ̀sẹ̀ òkú fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ànàmọ́ òyìnbó tí a bó dé ìdajì wà nílé ìdáná tí obìnrin kan kú sí: ṣé ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ ni yóò máa bó ànàmọ́? Nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kò fi gba àṣìṣe ìwọ̀n láàyè. Méjìdínlógún nínú wọn wà ní Baltimore. A kò tíì fi gbogbo ìdáhùn wọn hàn fáráyé, nítorí a ṣì ń fi wọ́n kọ́ni.

'''Ewu'''

Nǹkan wọ̀nyí kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí wọ́n lè há a lọ́fun. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago ọwọ́, tí àwọn kan fi ń tan iná inú ilé náà, ló burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá.