Jíìnì àti Tíì Lórí Tábìlì Kan: Ohun Tí Ìyàwó Ilé Lè Rí Kọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìtọ́wò

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ní Ìlú Ọba, ó ṣeé ṣe kí ó ti ròyìn irú àpèjẹ ọ̀sán kan fún yín. Ní London àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ilé ìpọntí kéékèèké a máa pe ènìyàn jókòó yí tábìlì ká fún nǹkan bí wákàtí méjì. Wọn a gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, wọn a gbé àwo onípele mẹ́ta tí ìpápánu wà lórí rẹ̀ tì í, wọn a sì to gíláàsì jíìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kan a dúró láàárín wọn, a máa ṣàlàyé bí a ti ń gbóòórùn ọtí náà, bí a ti ń tọ́ ọ wò, àti irú oúnjẹ tí ó bá èwo mu. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin a máa fi í ṣe ọjọ́ ìbí, wọn a sì máa fi í bá ọ̀rẹ́ wọn tí ó fẹ́ wọlé ọkọ ṣeré.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ló kan abiyamọ nínú ọ̀rọ̀ jíìnì? Mo dáhùn pé ó kàn án gidigidi. Ìtọ́wò jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé ìdáná, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní tètè ṣìnà nídìí ọbẹ̀ tàbí nínú ọjà. Ṣùgbọ́n ọtí tí wọ́n bù sínú ife tíì, tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ àkàrà òyìnbó, ọtí náà ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó bá jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ife rẹ̀, kí ó sì mọ iye tí ó jẹ́.

Ohun tí ń bẹ nínú ìgò

Ọkà ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọtí tí jíìnì ti ń wá. Wọn a jẹ́ kí omi ọkà náà kan títí yóò fi di ọtí, lẹ́yìn náà wọn a sè é. Ooru tí ó bá gòkè a gba inú páìpù tútù kọjá, a sì di omi padà. Omi yìí ni ọtí líle. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ti ń sè ògógóró láti inú ẹmu ògùrọ̀. Ohun tí ó sọ ọtí líle ti òyìnbó di jíìnì ni èso kékeré kan tí à ń pè ní jùnípà, tí òórùn rẹ̀ jọ ti oje igi tútù. Bí adùn jùnípà kò bá lékè, òfin kò gbà kí a pe ọtí náà ní jíìnì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògidì ọtí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìpín 37.5 nínú 100.

Wọn a tún fi èso kọriáńdà, èèpo ọsàn, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti oríṣiríṣi gbòǹgbò kún un. Ó lè yà yín lẹ́nu pé atare wa náà wà níbẹ̀. Jíìnì tí à ń pè ní Bombay Sapphire ní èròjà mẹ́wàá, atare láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Atare kan náà tí a fi ń ṣe àdúrà níbi ìsọmọlórúkọ ni ó ń ta díẹ̀díẹ̀ lórí ahọ́n ẹni tí ń tọ́ ọ wò ní London.

Ìgbà tí jíìnì àti tíì jẹ́ ọ̀tá ara wọn

Àwọn ará Hólàǹdì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọtí jùnípà níṣẹ́, oògùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí William, ọmọ Hólàǹdì, di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1689, ìjọba rẹ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti máa sè ọtí líle. Láìpẹ́, jíìnì di ohun tí ẹni tí kò ní ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ́wọ́ lè rà. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kiri rẹ̀ ní títì, tọkùnrin tobìnrin sì ń mu ún.

Àwọn ọmọ ni wọ́n jìyà rẹ̀ jù. Ní 1734, obìnrin kan ní London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Judith Defour gba ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì jáde ní ilé ìtọ́jú àwọn aláìní, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ náà ní aṣọ tuntun. Ó pa ọmọ náà, ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ ra jíìnì. Ìjọba ṣe òfin ní 1736 pé kí ẹni tí yóò tà á san £50 fún ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń tà á lẹ́yìn náà. Ní 1751, ayàwòrán William Hogarth ya àwòrán ìyá kan tí ọtí ti pa, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń já bọ́ láti ọwọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òfin mìíràn jáde ní ọdún náà, èyí sì mú ọwọ́ mímu náà rọ̀. Títí di òní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi àwàdà pe jíìnì ní ìparun ìyá.

Tíì, ní tirẹ̀, ohun ọlọ́lá ni nígbà náà. Catherine, ọmọ ọba ilẹ̀ Pọtogí, tí Ọba Charles Kejì gbé níyàwó ní 1662, ni ó sọ mímu rẹ̀ di àṣà ní ààfin. Ní 1784, ìjọba dín owó orí rẹ̀ kù láti orí iye tí ó ju 100 nínú 100 lọ sí 12.5, tíì sì dé ilé mẹ̀kúnnù. Láti àwọn ọdún 1830 ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ọtí ti ń ṣe àpèjẹ tíì fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, kí wọ́n lè rí ohun mìíràn mu. Ní nǹkan bí 1840, Anna, aya Dúúkù ti Bedford, bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì pẹ̀lú ìpápánu ní ọ̀sán, nítorí pé oúnjẹ alẹ́ wọn máa ń pẹ́. Ibẹ̀ ni tíì ọ̀sán ti ṣẹ̀. Àwọn ohun méjì tí wọ́n ti jà báyìí ni wọ́n wá jọ jókòó lórí tábìlì kan lónìí.

Bí ẹ̀kọ́ náà ti ń lọ

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọtí. Oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, nítorí pé oúnjẹ inú ikùn a máa dá ọtí dúró kí ó má tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé gíláàsì sún mọ́ imú, tí wọn yóò la ẹnu díẹ̀, tí wọn yóò sì fà á símú wẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ki imú bọ inú gíláàsì, títa ọtí nìkan ni yóò gbọ́. Wọn a tọ́ ẹ̀kán díẹ̀ wò. Wọn a wá bu omi díẹ̀ sí i, nítorí omi a máa dín títa náà kù, a sì máa jẹ́ kí òórùn èso àti èèpo jáde. Ìgbà ìkẹyìn ni wọn yóò bu omi tónìkì lé e.

Ìkòrò omi tónìkì ti ara kuiníìnì wá, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kéré jọjọ, kò lè wo ibà sàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í tọ́jú ọmọ.

Oúnjẹ náà ní ètò tirẹ̀. Búrẹ́dì tí a há kùkúmbà tàbí ẹja sí láàárín a máa bá jíìnì tí òórùn ọsàn wà lára rẹ̀ lọ. Sikọ́ọ̀nù tí a fi kíríìmù àti jáàmù ra a máa mú ẹnu rọ̀ lẹ́yìn ọtí líle. Tíì tí à ń pè ní Earl Grey, tí a fi òróró èèpo ọsàn bẹ́gámọ́ọ̀tì sí, a máa bá jíìnì ọlọ́sàn ṣe ọ̀rẹ́. Kì í ṣe Bournvita tàbí Milo ni mo pè ní tíì níhìn-ín o, ewé tíì gan-an ni.

Àwọn tí ń fi ìtọ́wò ṣiṣẹ́ ṣe kì í gbé ọtí náà mì. Wọn a yí i káàkiri ẹnu, wọn a sì tu ú sínú ago. Kò sí ohun ìtìjú kankan nínú èyí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi ìwọ̀n ka ọtí. Mìlílítà 10 ògidì ọtí ni ìwọ̀n kan. Bí jíìnì bá jẹ́ ìpín 40 nínú 100, mìlílítà 25 rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan géérégé. Bí obìnrin kan bá mu gíláàsì mẹ́rin tí ó jẹ́ mìlílítà 25 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n mẹ́rin nìyẹn. Bí wọ́n bá tún gbé ife tíì kan fún un tí wọ́n po mìlílítà 50 jíìnì mọ́ ṣúgà àti ọsàn nínú rẹ̀, ó ti di ìwọ̀n mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn olórí oníṣègùn ilẹ̀ náà sọ ní 2016 pé kí àgbàlagbà má ṣe kọjá ìwọ̀n 14 ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpèjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀dọ̀ ènìyàn nílò nǹkan bí wákàtí kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mu ìwọ̀n mẹ́fà láti agogo mẹ́ta ọ̀sán, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lè lù kí ara rẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá ní ọmọ ọwọ́ tí ń mu ọmú ní agogo mẹ́fà, ọmọ náà yóò bá a pín nínú rẹ̀, nítorí bí ọtí bá ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ń pọ̀ tó nínú wàrà rẹ̀. Fífún ọmú dànù kò lè mú kí ó yára jáde, àfi kí àkókò kọjá. Ìyá tí ó bá sì ti mutí kò gbọdọ̀ sùn sórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ ìkókó.

Ní ti aboyún, ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn. Ọtí a máa gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, a sì máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó ṣì ń dàgbà. Kò sí iye kan tí a mọ̀ pé kò léwu. Nítorí náà, aboyún tí wọ́n bá pè sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kí ó jókòó pẹ̀lú ayọ̀, kí ó jẹ ìpápánu, kí ó mu tíì, kí ó sì fi jíìnì sílẹ̀. Tíì náà ní ìwọ̀n. Kaféènì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 200 lọ lóòjọ́ fún aboyún, ife tíì ńlá kan sì ní nǹkan bí 75. Kí ó má sì mu ún mọ́ oúnjẹ gidi, nítorí tíì a máa dènà èròjà irin tí ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa nílé

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni jíìnì wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣínáàpù ń bẹ nínú ẹrù ìdána ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn àgbà sì ń fi í wúre. Èyí kò bà mí lẹ́rù tó àgbo tí a fi ògógóró tàbí jíìnì rẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò jẹ́ fi ẹnu kan ọtí a máa mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ nínú oyún, nítorí pé orúkọ oògùn ni ó ń jẹ́. Bí gbòǹgbò ti wù kí ó pọ̀ tó nínú ìgò, ọtí tí a fi rẹ ẹ́ kò lọ síbì kankan.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ahọ́n kò lè mọ ohun gbogbo. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ògógóró tí mẹtánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ojú a kọ́kọ́ máa fọ́, ikú a sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ń mu ún kò lè fi ìtọ́wò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí yòókù. Ẹ má ṣe ra ọtí tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti nọ́ḿbà NAFDAC lára, yálà fún àlejò tàbí fún ìdána.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ láìsí ọtí

Ìmọ̀ inú ẹ̀kọ́ yìí kò nílò jíìnì rárá. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá wá kí yín, ẹ se ìkòkò mẹ́ta: tíì dúdú, omi atalẹ̀, àti koríko olóòórùn ọsàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé tíì. Omi tí ó ń hó ni kí ẹ dà sí tíì dúdú, kí ó sì rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ yóò korò. Ẹ gún atare méjì tàbí mẹ́ta sínú omi atalẹ̀. Aboyún kí ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó mu ewékéwé. Ẹ gbé ṣinṣín, ẹ̀pà àti búrẹ́dì oníkùkúmbà tì í.

Kí ẹ má ṣe sọ ohun tí ó wà nínú ife fún wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí imú kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ahọ́n tẹ̀ lé e, kí ẹnu tó sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí kọ́ra yóò tètè mọ epo tí ó ti ń kan, ẹja tí ó ti ń bàjẹ́ àti oúnjẹ ọmọ tí ó ti sùn jù. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé ife ẹlẹ́wà kan kalẹ̀ fún un lóde àríyá, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni ó sì ti pọ̀ tó?” Ẹ má ṣe tijú láti béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹ pọ̀n àti èyí tí ẹ gbé sínú kò lè bá yín béèrè rẹ̀.