Ìdí tí Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde Kì í Fi Tètè Hàn Lára Ọmọ Tuntun

Ẹnu máa ń ya ọ̀pọ̀ abiyamọ nígbà tí dókítà bá sọ pé ọmọ oṣù méje, tí ara rẹ̀ ti le láti ọjọ́ ìkómọjáde, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn mìíràn a ní oúnjẹ tí ọmọ jẹ ni ó fà á, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú oyún ni ọmọ ti jogún àrùn náà. Ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó tètè farahàn.

Kí ni ń darí àbùdá?

Àbùdá ni ìlànà tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, èyí tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe ohun tí ó nílò. Gbogbo àbùdá kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èròjà purotéènì kan wà tí ń darí wọn: àwọn kan ń ran àbùdá lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn sì ń dá a dúró. Wọ́n dàbí ìyá àgbà tí ń bójú tó ìdáná níbi àsè, tí ń sọ ìkòkò tí a ó gbé kaná àti èyí tí a ó sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni ń yí padà lẹ́yìn ìbí?

Hìmógílóbíìnì ni èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, irú èyí tí a ń pè ní F ni ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìbí, purotéènì kan tí ń jẹ́ BCL11A a máa dá àbùdá F dúró díẹ̀díẹ̀, ti àgbà a sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà, F ti kù díẹ̀.

Bí ọmọ bá jogún S lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ìgbà yìí ni sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, tí yóò sì máa dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ lè wú, ẹyinjú rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè, ara rẹ̀ a sì máa ro ó.

Ní ọdún 1948 ni dókítà Janet Watson ní New York ti fura pé F ni ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ tuntun. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Boston fi hàn pé BCL11A ni ń dá F dúró.

Àǹfààní wo ni ìmọ̀ yìí mú wá?

Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn hydroxyurea fún àwọn àgbà tí ó ní àrùn yìí. Ó ń mú kí F pọ̀ sí i. Lónìí, dókítà lè fún ọmọdé náà. Ní ọdún 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú Casgevy, tí ń dín agbára BCL11A kù nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Nítorí náà, ẹ má jókòó dè é.

Kí ni ó yẹ kí òbí ṣe?

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

1. Ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ẹ tó fẹ́ ara yín. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu wà, ẹyọ kan nínú mẹ́rin, pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

2. Bí ewu yìí bá wà, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n lè lo irú àyẹ̀wò tí ó yẹ ọmọ tuntun, nítorí F ṣì pọ̀ lára rẹ̀.

3. Bí ó bá jẹ́ SS, dókítà yóò fún un ní pẹnisílíìnì láti ìgbà tí ó wà ní nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Ẹ jẹ́ kí ó máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó sì máa mu omi dáadáa bí ó bá ti tó omi mu.

4. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìgbà ìmúrasílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá lásán.