Èròjà nano olóòfà àti atanmọ́lẹ̀ fún yíya àwòrán sẹ́ẹ̀lì

Èròjà nano olóòfà àti atanmọ́lẹ̀ jẹ́ àwọn horo tín-tìn-tín tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò láti ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí. Ìwọ̀n wọn kì í sábà ju 100 nánómítà lọ. Mílíọ̀nù kan nánómítà ni ó sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni kò ní àwọ̀, nítorí náà a ní láti fi àmì sí wọn lára kí a tó lè dá wọn mọ̀ lábẹ́ máíkíróskópù. Bí a bá so prótéènì tí ó mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ́ horo kan, horo náà yóò lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀.

Horo atanmọ́lẹ̀, irú bí quantum dot, a máa gba ìmọ́lẹ̀ sára, a sì máa tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn. Èyí tí ó kéré jù a máa tàn bí búlúù, èyí tí ó tóbi jù a sì máa tàn bíi pupa. Ìmọ́lẹ̀ yìí ń fi inú sẹ́ẹ̀lì hàn kedere, ṣùgbọ́n kò lè la ẹran ara já jìnnà. Horo olóòfà, tí a sábà máa ń fi óksáìdì irin ṣe, kò ní ìṣòro yìí: ẹ̀rọ MRI lè rí ipa rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ara, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti máíkíróskópù.

Ìdí nìyí tí a fi ń pa méjèèjì pọ̀ sínú horo kan. Ṣùgbọ́n óksáìdì irin a máa pa ìmọ́lẹ̀ tí ó bá súnmọ́ ọn, nítorí náà a máa ń fi sílíkà bò ó kí ó lè jìnnà díẹ̀ sí èròjà atanmọ́lẹ̀.

Ìtàn

Alexei Ekimov àti Louis Brus ni wọ́n ṣàwárí quantum dot ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1993, Moungi Bawendi rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é dáadáa. Ní 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó wúlò fún àwòrán sẹ́ẹ̀lì. Àwọn mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dárúkọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́místrì ní 2023.

Ewu

Kádímíọ̀mù tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ quantum dot lè pa sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ wò gan-an. Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí ṣe ń wá èyí tí a fi kábọ́ọ̀nù ṣe.

Ní Nàìjíríà

Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo kòkó àti òwú aláǹtakùn ṣe horo nano fàdákà. Kòkòrò àrùn ni iṣẹ́ wọn dojú kọ, kì í ṣe àwòrán sẹ́ẹ̀lì. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ohun tí ó wà ní àyíká wa tó láti fi ṣe èròjà nano.