Bí ẹ̀ka kan bá dákú lára kọ̀ǹpútà ńlá

Ìlú kan ni Ìdànrè, síbẹ̀ Òdòdè yàtọ̀ sí Aládé. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá HP-UX tí wọ́n fi vPars pín: ara kan, ẹ̀ka púpọ̀. Bí ẹ̀ka kan kò bá dìde, ẹ má kánjú. Ní ojú MON>, àṣẹ log yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Vparload -p pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ka náà ni yóò jí i. Bí kernel tuntun bá ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ fi -b /stand/vmunix.prev kún un, kí ti àtijọ́ gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún reboot níbẹ̀: gbogbo ẹ̀ka ló ń pa, tó fi mọ́ èyí tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.